Ẹnu Kò Kò lórí Ọ̀mùtí Tutùọlá

Ọkùnrin kan wọ ọjà lọ́jọ́ ọjà. Ó ga, ó síngbọnlẹ̀, aṣọ olówó iyebíye ló wọ̀, kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀. Ẹni tó ń sọ ìtàn náà ní bó bá jẹ́ ẹrù títà ni ọkùnrin yìí, owó rẹ̀ kò ní dín ní £2,000. Ọmọbìnrin kan tó wá tajà rí i, ó gbàgbé ọjà, ó tẹ̀ lé e. Ọkùnrin náà ní kó padà sílé, kò gbọ́. Nígbà tí wọ́n kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n wọ igbó, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹ̀yà ara tó háyà padà fún àwọn tó ni wọ́n. Ó dé ibi tó ti háyà ẹsẹ̀ òsì, ó yọ ọ́, ó dá a padà, ó san owó rẹ̀. Ó dé ibi ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó yọ òun náà, ó wá ń wọ́ nílẹ̀. Ikùn lọ, ìhà lọ, àyà lọ, apá méjèèjì lọ, ọrùn lọ. Nígbà tó dá awọ orí àti ẹran ojú padà, agbárí lásán ló kù. Agbárí ọ̀hún ń fò lọ nínú igbó, ọmọbìnrin náà wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kò rí ibi sá gbà mọ́.

Ìyá ìyá mi pa àlọ́ yìí fún wa kí n tó mọ ìwé kà. Nínú tiwọn, orin wà, àwa ọmọdé la sì ń gbè é. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìtàn náà wà nínú ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1952, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ The Palm-Wine Drinkard, àti pé ìwé ọ̀hún dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín àwọn tó kà á. Àwọn kan pè é ní iṣẹ́ ìyanu, àwọn kan ní ìtìjú gbáà ni. Àkọsílẹ̀ awuyewuye náà ni mo fẹ́ ṣe síbí. Mo ti rò ó síwá rò ó sẹ́yìn, ibì kan náà ni mo ń já sí: ẹni tó kọ ìwé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń yẹ̀ wò, ìwé fúnra rẹ̀ wà nílẹ̀, ẹni tó gbé e sókè kò pọ̀.

Amos Tutùọlá lẹni náà. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní 1920, bàbá rẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀ oníkòkó. Owó ilé-ìwé kò sí, wọ́n bá fi í sọ́dọ̀ ọkùnrin Ìgbò kan tó ń ṣọmọ ọ̀dọ̀ fún, ọkùnrin náà sì ń san owó ilé-ìwé rẹ̀ dípò owó iṣẹ́. Kò ju nǹkan bí ọdún mẹ́fà lọ tó fi kàwé. Bàbá rẹ̀ kú ní 1939, ìwé sì dáwọ́ dúró. Ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ bàbà, ó sì ṣe é lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ogun parí, iṣẹ́ parí. Ó wá iṣẹ́ títí, kó tó di mẹ́séńjà ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá ti ṣe mẹ́séńjà rí mọ̀ pé ìjókòó ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, kéèyàn máa retí pé kí ọ̀gá pe òun. Nínú ìjókòó yẹn ni Tutùọlá ti ń fi pẹ́ńsù kọ ìtàn sórí pépà àjákù. Ó ní ọjọ́ méjì lòun fi kọ ìtàn ọ̀mùtí náà, òun sì fi oṣù mẹ́ta tún un ṣe.

Kí ìyẹn tó jáde, ó ti kọ ìtàn ọdẹ kan tó rìn nínú igbó iwin, ó sì kọ̀wé sí ilé ìtẹ̀wé kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó jẹ́ pé ìwé nípa fọ́tò yíyà ni wọ́n ń tẹ̀. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n máa fẹ́ ìtàn tó ní fọ́tò àwọn iwin inú igbó Nàìjíríà. Wọ́n ní kó fi ránṣẹ́. Fọ́tò dé lóòótọ́, àmọ́ iwin tí wọ́n fọwọ́ yà sórí pépà ló wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an, nítorí ó fi irú ọkàn tí ọkùnrin náà ní hàn. Ó gbà pé nǹkan wọ̀nyí wà, pé wọ́n ṣeé fi han ẹlòmíràn, pé ẹni tó bá ní ẹ̀rọ fọ́tò tó dára ló yẹ kéèyàn bá sọ ọ́.

Ìtàn ọ̀mùtí gba ọ̀nà mìíràn dé Lọ́ńdọ̀nù. Tutùọlá rí ìpolówó ẹgbẹ́ Kristẹni kan tó ń tẹ ìwé jáde, ó di iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Wọn kì í tẹ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò dá a nù, wọ́n gbé e fún ilé ìtẹ̀wé Faber and Faber. Àwọn ti Faber náà kò mọ ibi tí wọn yóò gbé e sí. Wọ́n fi lọ onímọ̀ nípa àṣà Áfríkà, pé kó bá wọn wò ó bóyá ìtàn àtọwọ́dọ́wọ́ ni. Nígbà tí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́, wọ́n fi àwòrán ojú ewé kan sínú rẹ̀ láti inú ìwé tí Tutùọlá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, pẹ̀lú àtúnṣe tí olóòtú ṣe sí i, kí gbogbo ayé lè rí i pé bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, lójú tèmi. Òǹkàwé kò tíì parí ìtàn, wọ́n ti fi ọwọ́ mẹ́séńjà hàn án.

Ìtàn wo wá ni? Ọmọ olówó kan wà tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju kó mu ẹmu lọ, láti ọmọ ọdún mẹ́wàá. Bàbá rẹ̀ fún un ní oko ọ̀pẹ tó ní igi 560,000, ó sì gba adẹ́mu kan fún un. Adẹ́mu ń dá akèrègbè 150 láràárọ̀, ọ̀mùtí á ti mu ún tán kó tó di aago méjì ọ̀sán, adẹ́mu á tún dá 75 wá ní ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, adẹ́mu já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, ó kú. Àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń bá ọ̀mùtí mu kò yà sílé rẹ̀ mọ́. Ó wá dìde, ó ní ìlú àwọn òkú lòun ń lọ, òun máa mú adẹ́mu òun bọ̀.

Ohun tó rí lójú ọ̀nà ló sọ ìwé náà di ìwé tí kì í ṣeé kà lálẹ́. Ó fi àwọ̀n mú Ikú, ó gbé e wá fún àgbàlagbà tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ó gba ọmọbìnrin tó tẹ̀ lé ọkùnrin ọjà yẹn sílẹ̀ nínú ihò tí ìdílé agbárí ń gbé. Orí kọ̀ǹkọ̀ ni wọ́n ní kí ọmọbìnrin náà jókòó sí, wọ́n so owó ẹyọ mọ́ ọn lọ́rùn. Bó bá fẹ́ sá, owó ẹyọ á ké tòò bí fèrè, òun fúnra rẹ̀ á sì yadi. Ọ̀mùtí fẹ́ ọmọbìnrin náà, àtàǹpàkò ìyàwó wú, ọmọ jáde láti inú rẹ̀, ọmọ náà sì burú débi pé ó ń jẹ oúnjẹ ilé tán, ó ń lu bàbá àti ìyá. Nígbà tí ọ̀mùtí dé ìlú àwọn òkú, ẹ̀yìn ni gbogbo wọn ń fi rìn, inú sì ń bí wọn sí ẹni tó ń fi iwájú rìn. Adẹ́mu wà níbẹ̀. Ó ní òun kò lè bá alààyè padà. Ó fún un ní ẹyin kan.

Mo ti ka ìwé ẹ̀rù tí àwọn Òyìnbó kọ, èyí tí ilé àtijọ́ àti ibojì pọ̀ nínú rẹ̀. Kò sí èyí tó kan mi lára bí agbárí tó sanwó ẹsẹ̀ kó tó yọ ọ́.

Ní oṣù Keje 1952, Dylan Thomas, akéwì ọmọ ilẹ̀ Wales, kọ nípa ìwé náà nínú ìwé ìròyìn The Observer ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó yìn ín. Ó ní ìtàn kúkúrú ni, èrò pọ̀ nínú rẹ̀, ó ń dẹ́rù bani, ó sì ń fani mọ́ra bí oògùn. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ ọ́ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí. Ọ̀rọ̀ yẹn ló la ọ̀nà. Ní 1953, ilé ìtẹ̀wé Grove tẹ ìwé náà ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún yẹn kan náà, Raymond Queneau, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Faransé, tú u sí èdè Faransé, ilé ìtẹ̀wé Gallimard sì tẹ̀ ẹ́ ní Paris. Alámèyítọ́ kan nínú ìwé ìròyìn The New Yorker ní Amẹ́ríkà ní kíka ìwé náà dà bí kéèyàn máa wo ibi tí lítíréṣọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Mi ò kórìíra àwọn tó yìn ín. Dylan Thomas gbọ́ ohùn kan nínú ìwé náà, kò sì purọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ yẹn dáadáa. Abẹ́òkúta tí wọ́n bí Tutùọlá sí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní 1859. Ìwé D. O. Fágúnwà nípa ògbójú ọdẹ nínú igbó irúnmọlẹ̀ ti jáde ní 1938, ọdún mẹ́rìnlá ṣáájú, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì ti ń kà á sókè ní kíláàsì. Àlọ́ tí ìyá ìyá mi pa, ọ̀dọ̀ ìyá tiwọn ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ẹni tó bá pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó rí mẹ́séńjà tó ka ìwé fún ọdún mẹ́fà, ó sì rò pé ọkùnrin náà kò ní baba ńlá nínú ìtàn sísọ.

Nílé ńkọ́? Kí á tiẹ̀ sọ pé láàárín àwọn ọmọ ilé, nítorí ọ̀pọ̀ wọn wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, wọ́n ń kàwé. Inú ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kan tó ń jẹ́ West Africa ni wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní 1954, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹnì kan kọ̀wé ní oṣù Kẹrin pé kò yẹ kí wọ́n tẹ ìwé yìí rárá. Ó ní àjèjì ni èdè inú rẹ̀ sí ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà àti sí Òyìnbó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì àdàmọ̀dì tí wọ́n ń sọ ní etíkun wa. Ó tún ní inú ìwé Fágúnwà ni Tutùọlá ti mú nǹkan. Ní oṣù Kẹfà, I. Adéagbo Akínjogbìn, tó padà di gbajúmọ̀ onímọ̀ ìtàn ní Ifẹ̀, kọ lẹ́tà tirẹ̀. Ohun tó ń dùn ún ni pé àwọn Òyìnbó fẹ́ràn láti gba ohun gbogbo tó bá ṣàjèèjì gbọ́ nípa Áfríkà, àti pé irú ìwé báyìí bá wọn lára mu nítorí ó jọ pé ó ń jẹ́rìí sí èrò wọn.

Àwọn kan máa ń ka lẹ́tà wọ̀nyí lónìí, wọ́n á ní àwọn akọ̀wé wa ò mọ ohun tó dára. Èmi ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ara yín sípò wọn. Ọdún 1953 ni wọ́n gbé àbá dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní 1956, tí àwọn kan sì ń sọ pé a kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń wá yàrá kiri, ó ń rí i lójú fèrèsé pé wọn ò gba aláwọ̀ dúdú. Nílé, olùkọ́ ń fi pàṣán na ọmọ tó bá ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ, òbí sì ń ta ilẹ̀ kí ọmọ lè sọ ọ́ já gaara. Ọ̀sán kan òru kan, ìwé tí àwọn ọlọ́lá Lọ́ńdọ̀nù ń gbé gẹ̀gẹ̀ wá jẹ́ ìwé tí ọ̀rọ̀ ìṣe inú rẹ̀ kò tò, tí iwin, agbárí àti ọ̀mùtí kún inú rẹ̀. Ó yẹ kó dùn wọ́n. Ẹ̀gún wà nínú ìyìn yẹn, àwọn ló sì mọ̀ ọ́n lára.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ wọn ni pé Tutùọlá ni wọ́n dojú ìbínú kọ. Àwọn tó yìn ín bí ẹni ń yin ọmọ ọwọ́ ló yẹ kí wọ́n bá jà.

Ẹ̀sùn Fágúnwà, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Tutùọlá ka Fágúnwà, ó sì hàn. Àmọ́ ìtàn agbárí tó yá ẹ̀yà ara kì í ṣe ti Fágúnwà, kì í ṣe ti Tutùọlá, ti gbogbo ẹni tó bá ti jókòó sábẹ́ òṣùpá gbọ́ àlọ́ ni. Kò sí ẹni tó gbé ìyá ìyá mi lọ sí kóòtù.

Ẹ̀sùn èdè ló tó bẹ́ẹ̀, ó sì tó kéèyàn dúró tì. Ìlú tí ọ̀mùtí ń lọ, Deads' Town ni Tutùọlá pè é. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì á fa igi pupa sídìí rẹ̀ kíá, nítorí Gẹ̀ẹ́sì kì í fi s sẹ́yìn òkú. Ṣùgbọ́n kí ni à ń pè é? Ìlú àwọn òkú. Ọ̀rọ̀ náà, “àwọn”, ni Tutùọlá ò fẹ́ sọ nù, ó wá ibi tó lè gbé e sí nínú Gẹ̀ẹ́sì, ó gbé e síbẹ̀. Gbólóhùn tó fi bẹ̀rẹ̀ ìwé, pé òun ti jẹ́ ọ̀mùtí láti ìgbà tóun ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, ẹ gbé e wá sí Yorùbá, kò ní mì, kò ní yẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló ń pariwo pé ọ̀rọ̀ ìṣe kò bá àkókò mu.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ibi tí tọkọtaya náà ti dé ẹnu ọ̀nà igi funfun ńlá kan tí ìyá kan ń gbé inú rẹ̀. Kí wọ́n tó wọlé, wọ́n ta ikú wọn fún ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà ní £70 ṣílè 18 àti kọ́bọ̀ 6, wọ́n sì yá ẹlòmíràn ní ẹ̀rù wọn, èlé rẹ̀ jẹ́ £3 ṣílè 10 lóṣù. Láti ìgbà náà, ikú ò tún kàn wọ́n mọ́. Gbogbo alámèyítọ́ ló ń tọ́ka sí ibẹ̀, wọ́n á ní ìrònú àrà ni. Àmọ́ etí Yorùbá ń gbọ́ nǹkan mìíràn níbẹ̀. Àárín ẹ̀rù tó ń bani àti ẹrù tí à ń rù, tí à ń tà, tí à ń fi dúró, ohùn lásán ló là á. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, yíyá ẹ̀rù jẹ́ àrà. Nínú èdè tí mẹ́séńjà náà fi ń ronú, ọ̀rọ̀ náà ti wà létí ọjà kó tó gbé pẹ́ńsù. Nígbà tí wọ́n jáde kúrò nínú igi náà, ẹ̀rù wọn nìkan ni wọ́n gbà padà. Ikú ti lọ, ẹni tó rà á ti rà á.

Ìwé kejì, My Life in the Bush of Ghosts, bọ́ sáàárín awuyewuye yìí ní 1954, ó sì ṣókùnkùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọmọ ọdún méje kan ń sá fún ogun akónilẹ́rú, ó sá wọ igbó iwin, ọdún mẹ́rìnlélógún ló sì lò níbẹ̀. Àwọn kan rí i bí ẹ̀rí pé Tutùọlá kò mọ̀ ju iwin lọ. Èmi rí nǹkan mìíràn. Àwọn tó sá fún ogun, tí wọ́n forí pamọ́ sábẹ́ Olúmọ, ló tẹ Abẹ́òkúta dó ní nǹkan bí 1830. Ìlú tó ti inú ìsáǹsá jáde ni. Bí ọmọ kan ṣe máa sọnù sínú igbó nítorí pé ogun dé, ẹ̀gbọ́n gba ọ̀nà tirẹ̀, àbúrò gba ọ̀nà tirẹ̀, kì í ṣe ohun tí Tutùọlá lá lálàá. Àwọn bàbá bàbá rẹ̀ rí i. Bó o bá tún padà sọ́dọ̀ agbárí tó so owó ẹyọ mọ́ ọmọbìnrin lọ́rùn kó má bàa sá, owó ẹyọ tó jẹ́ owó tí wọ́n ń ná nígbà tí wọ́n ń ra èèyàn tí wọ́n ń ta èèyàn, wàá mọ̀ pé òkùnkùn inú ìwé yìí ní ọjọ́, ó ní ibùdó. Nínú àwọn lẹ́tà 1954 tí mo mọ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ibẹ̀. Àwọn tó yìn ín kò mọ ìtàn Ẹ̀gbá. Àwọn tó mọ ìtàn Ẹ̀gbá ń ka àṣìṣe Gẹ̀ẹ́sì.

Tutùọlá fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ní oṣù Karùn-ún 1954, West Africa kọ nípa ìgbésí ayé rẹ̀. Wọ́n ní ó ń lọ sí kíláàsì alẹ́ kó lè di òǹkọ̀wé gidi. Ọkùnrin tí wọ́n ti tú ìwé rẹ̀ sí Faransé, tí wọ́n ń kà á ní New York, ń gbé ìwé àti kálámù lọ sí ilé-ìwé alẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ ọ́fíìsì, kó lè di òǹkọ̀wé. Ó dùn mí gan-an nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ó ṣì ń dùn mí. Ìyẹn lohun tí awuyewuye náà ṣe sí i. Kò dá a dúró, nítorí ó kọ ìwé mìíràn ní 1955, ní 1958, ní 1962. Ṣùgbọ́n bí ìwé tuntun ṣe ń jáde ni ìyìn Lọ́ńdọ̀nù ń lọ sílẹ̀, wọ́n ti rí àrà náà tán. Òun náà ti kúrò ní Èkó, ó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ilé-iṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn.

Ìbàdàn náà lọ̀rọ̀ ti yí padà. Kọ́lá Ògúnmọ́lá jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé tó dá ẹgbẹ́ tíátà sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1940. Wọ́n fún un ní oṣù mẹ́fà ní Yunifásítì Ìbàdàn, kó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn tó ń kọ́ni ní eré orí ìtàgé níbẹ̀. Ní 1963 wọ́n gbé Ọ̀mùtí jáde. Demas Nwoko ló ṣe àwọn àwòrán orí ìtàgé. Láńkẹ́ ni wọ́n pe ọ̀mùtí, Alábá ni adẹ́mu. Orin, ìlù àti ijó ló gbé ìtàn náà lọ, Yorùbá ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Ògúnmọ́lá sọ ìrìn àjò náà di àlá tí ọ̀mùtí lá. Mi ò fara mọ́ ìyẹn pátápátá, nítorí nínú ìwé kì í ṣe àlá, ó ṣẹlẹ̀ ni. Àmọ́ ẹ wo ohun tí iṣẹ́ náà ṣe. Ó gbé ìtàn padà sínú èdè tí wọ́n fi rò ó. Àtakò Gẹ̀ẹ́sì kò ríbi dúró mọ́. Wọ́n gbé eré náà káàkiri, ó sì dé Algiers ní 1969 níbi àjọ̀dún àṣà gbogbo Áfríkà. Ní 1968, Ibùdó Ìmọ̀ Áfríkà ní Ìbàdàn tẹ̀ ẹ́ ní ìwé, Yorùbá lójú kan, Gẹ̀ẹ́sì lójú kejì.

Mo ka èyí sí ìdájọ́ tó tọ́ jù lọ nínú gbogbo ìdájọ́ tí wọ́n ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ògúnmọ́lá kò kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn kankan. Àwọn tó wá wòran kò bèèrè iye ọdún tí Tutùọlá fi kàwé.

Ní 1977, Chinua Achebe dúró ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ odidi kan sọ̀rọ̀ lórí ìwé ọ̀mùtí yìí. Ó ní nínú gbogbo òǹkọ̀wé Nàìjíríà, Tutùọlá ni ọ̀rọ̀ ìwà jẹ lọ́kàn jù. Ó ní ìwé náà ń bèèrè ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó fi fàájì ṣe iṣẹ́, tí kò ní iṣẹ́ mìíràn. Ó ka ìwé gẹ́gẹ́ bí ìwé. Ọdún 25 ti kọjá. Tutùọlá wà láàyè láti gbọ́ ọ, ó sì wà di 1997 kó tó papò dà ní Ìbàdàn.

Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ṣì wà, wọn ò sì jẹ̀bi. Ìtàn náà máa ń fò láti ibì kan dé ibòmíràn láìsọ ìdí. Obìnrin inú rẹ̀ kò ní orúkọ, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì máa ń lọ́ jù. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìdí gbogbo nǹkan hàn kó tó gbàgbọ́, ìwé yìí á rẹ̀ ẹ́ ní ojú ewé ogójì. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ kò parí rẹ̀ rí. A ti jiyàn lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, mo sì bọ̀wọ̀ fún èrò rẹ̀, nítorí ohun tó wà nínú ìwé ló ń bá jà.

Lọ́dún tó kọjá, mo ka díẹ̀ nínú ìwé náà fún màmá mi. Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà mo ń tú u bí mo ṣe ń kà á, ó sì yà mí lẹ́nu pé mi ò fi bẹ́ẹ̀ ní láti yí ọ̀rọ̀ po. Wọ́n ń ṣa ẹ̀fọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí agbárí ń dá ẹsẹ̀ padà, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ń mi orí bí ẹni tó ti mọ ibi tó ń lọ. Mo ka ibi tí tọkọtaya náà ti ta ikú wọn lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n dá ọwọ́ ẹ̀fọ́ dúró.

“Ta ló rà á?”

Mo wo ojú ewé. Mo ní ìwé ò dárúkọ ẹni náà, wọ́n kàn ní ẹnì kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni.

“Ẹni yẹn ti ní ikú tiẹ̀ tẹ́lẹ̀,” ni màmá mi wí, wọ́n ń wo ẹ̀fọ́ ọwọ́ wọn. “Kí ló fẹ́ fi méjì ṣe?”